Àlejò Tí Màámi Kò Sìn

Swansea,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ara líle, ẹ sì kú ewu ẹsẹ̀. Toheeb ní àwọn dókítà Igbóbì ti tú ohun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ yín, pé ẹ ti ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ṣọ́ọ̀bù, pé ẹ sì ti bú ọmọ iṣẹ́ kan kí ẹ tó jókòó. Ìgbà tí mo gbọ́ èébú yẹn ni ọkàn mi tó balẹ̀. Bí ẹ bá ti lè bú ènìyàn, ara ti ń yá nìyẹn.

Mo mọ̀ pé fóònù kò wọ etí yín mọ́. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gba etí yín láti ọjọ́ pípẹ́, bí mo bá sì ń pariwo "Bàámi, ṣé ẹ ń gbọ́?" nínú yàrá mi níbí, obìnrin tó ń gbé lókè mi á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú yín pé lẹ́tà ló kù. Kí Toheeb máa ya fọ́tò tiyín ránṣẹ́ sí mi, kó sì máa tẹ tèmi sórí ìwé fún yín, kí ẹ lè rí nǹkan dì mú.

Ilé ń pè mí, Bàámi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ilé àwọn àgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin kan tó wá kun ògiri ń fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé àwo oúnjẹ dání, mi ò lè kọjá. Òórùn ọwọ́ yín ni. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, kẹrosíìnì àti ínkì ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí ẹ tó wọlé. Ọkùnrin náà bi mí bóyá ara mi dá. Mo ní ara mi dá, mo sì lọ sunkún ní ilé ìwẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, mò ń gbádùn níbí pẹ̀lú. Òkun kò jìnnà sí ilé wa. Láàárọ̀ á fà sẹ́yìn débi pé ènìyàn á rò pé ó ti kó lọ. Tó bá di ọ̀sán, á ti padà dé. Mo ní kọ́kọ́rọ́ tèmi. Ìgbà tó bá wù mí ni mo lè jẹ búrẹ́dì, kò sí ẹni tó máa bi mí ohun tí mò ń wá ní kíṣìnì. Mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan nítòsí wa. Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn obìnrin nìkan, mo máa ń wọ aṣọ tó bò mí láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi kò tíì lè fi etí omi sílẹ̀.

Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, bí mo bá fi ìlú Òyìnbó yìí sílẹ̀, ìwé bàjẹ́ nìyẹn, wọn ò sì ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Ọjọ́ tó bá jáde, mò ń bọ̀ wá wò yín. Ìlérí tí mo ṣe fún Màámi náà ṣì dúró: ọdún méjì sí i, màá kó ẹrù mi wálé pátápátá.

Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi tìróò díẹ̀ sílẹ̀ dè mí, kí wọ́n má lé gbogbo rẹ̀ tán.

Èmi ọmọ yín,
Saheedat.


Bajulaiye, Ṣómólú,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Saheedat, Àwẹ̀ró mi,

Toheeb ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n láti ìgbà tí mo ti ṣubú. Mo ti kìlọ̀ fún àbúrò rẹ pé bí ó bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, ojú tí mo fi ń mọ ìwé tí ínkì rẹ̀ kò dọ́gba náà ni màá fi mọ̀.

Ara ń mókun. O sunkún nítorí kẹrosíìnì? Mo ka ibẹ̀ sétí ìyá rẹ. Obìnrin tó ti ń lé òórùn kẹrosíìnì kúrò lórí ibùsùn láti ọjọ́ tí a ti ṣe yìgì, ó ní kí n rọ ìgò kan ránṣẹ́ sí ọ, kí òun lè sinmi.

Ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn dùn mọ́ mi. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, kí n tó mọ Kùránì í kà ni mo ti mọ omi í wẹ̀. Bàbá mi nà mí nítorí ọ̀sà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ohun kan ni màá sọ fún ọ: omi kì í gba ẹni tó bá ń bá a jà. Tú ara sílẹ̀, sùn lé e bí o ṣe ń sùn lé ẹní. Ọjọ́ tí o bá wẹ̀ ẹ́ láti etí kan dé èkejì, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Má sọ fún ìyá rẹ. Ó ti gbà pé omi ló máa gbé ọ lọ, ó sì ti ń fi orúkọ rẹ ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kéú ní Abúlé Òkúta. Kí o sì wá ẹ̀rí rán sí mi, nítorí mo mọ̀ ọ́. O lè jókòó sínú ọpọ́n ìwẹ̀ kí o sọ pé o wẹ òkun.

Ìyá rẹ kò sí nílé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń sin àlejò lọ. O mọ ìsìn tirẹ̀, àlejò á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé rẹ̀ kí òun tó dágbére. Ọ̀rẹ́ rẹ Ẹwàolúwa tó wá kí wa lọ́dún tó kọjá, bọ́sítọ́ọ̀pù ló sìn ín dé, kò padà títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ìkan tó kù. Má máa tọrọ àforíjì pé ò ń gbádùn. Ẹni tó wà níbì kan tó ń sunkún ibòmíràn, ibi méjèèjì ló pàdánù. Bí òkun bá dùn, jẹ́ kó dùn.

Èmi ni, bàbá rẹ tó ṣì gbọ́n jù ọ́ lọ,
Bùràímọ̀.


Bajulaiye, Ṣómólú,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá, 2024.

Saheedat ọmọ mi,

Àsàlámù àláékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ń kọ́? Má bínú pé o kò gbọ́ wa láti ìgbà yìí. A rí lẹ́tà méjèèjì tí o kọ sí bàbá rẹ lẹ́yìn èyí tó fèsì sí. Ó ń sinmi. Ariwo kò bá a lára mu lásìkò yìí, ìyẹn ni Toheeb fi ti ṣọ́ọ̀bù fúngbà díẹ̀, kí wọ́n lè kun ibẹ̀ pẹ̀lú.

Má máa pe fídíò. Ojú fóònù Toheeb ti fọ́, kò ríran dáadáa mọ́. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá sì kọ nǹkankan sí ọ, má dá a lóhùn. Ẹnu àwọn ènìyàn ibí kò ní ìdérí, ìwọ náà mọ̀ wọ́n.

Kí ni odò ṣe fún ọ tí o kò lè fi í sílẹ̀? Ilé tí ẹ̀ ń gbé ò ní bálùwẹ̀ ni? Máa wọ ìbọ̀sẹ̀. Máa jẹun. Ohunkóhun tí o bá gbọ́, rántí pé iwájú ni kí o máa wò. Ìwé rẹ yẹn ló ṣe pàtàkì.

Bàbá rẹ ń kí ọ.

Ìyá rẹ,
Sìlífátù.


Swansea,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá, 2024.

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàámi. Lẹ́tà yín kò fi ọkàn mi balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ ní ojú fóònù Toheeb ò ríran. Ojú wo ló fi wá ya fọ́tò lẹ́tà tí mo rí kà yìí? Gbogbo ọ̀rọ̀ yín ló hàn ketekete, títí dé ibi tí ínkì ti ta sí i. Mo pe fídíò, ẹ ò gbé e. Mo pe Toheeb láìsí fídíò, ó ní òun wà lójú ọ̀nà. Mo ń gbọ́ bí ìdérí ìkòkò yín ṣe ń ró lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló ń se ìrẹsì lójú ọ̀nà? Bàámi tí kì í fi lẹ́tà mi sùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì báyìí tí mi ò gbọ́ èébú kankan lẹ́nu wọn.

Bí ẹsẹ̀ wọn bá tún ti dá, ẹ sọ fún mi. Bí wọ́n bá ti padà sí Igbóbì, ẹ sọ. Èmi ni mò ń wẹ bàbá àwọn ẹlòmíràn níbí, tí mò ń bá wọn di bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn, tí mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Kí n má tilẹ̀ mọ bí tèmi ṣe jẹun? Bí mi ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu Bàámi fúnra wọn, màá fi iṣẹ́ àti ìwé sílẹ̀, màá wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ohun tó bá fẹ́ bàjẹ́, kó bàjẹ́.

Saheedat.


Bajulaiye, Ṣómólú,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá, 2024.

Saheedat, Àwẹ̀ró,

Toheeb ló ń bá mi kọ ọ́. Mo gbọ́ pé ò ń da ara rẹ láàmú nítorí mi. Má da ara rẹ láàmú mọ́. Ẹsẹ̀ mi kò dùn mí mọ́ rárá. Oorun ni mo ń sùn jù, ìdí nìyẹn tí o kò fi tètè gbọ́ mi.

Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Má sì jáde kúrò nílùú yẹn láìgba ìwé. Ohun tó wù mí jù láyé ni kí ìwé náà tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Má ronú ilé jù, ilé wà níbi tó wà, kò ní rìn lọ. Máa jẹun dáadáa, máa wọ ìbọ̀sẹ̀, máa kírun rẹ lákòókò.

Má fi ọ̀rọ̀ líle kọ̀wé sí ìyá rẹ mọ́. Ó ń gbìyànjú. Kò sí bí obìnrin ṣe lè tọ́jú ọkọ jù bó ṣe tọ́jú mi lọ. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú tí inú bí ọ sí i, rántí pé ìfẹ́ rẹ ló fi ṣe é.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùràímọ̀.


Swansea,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, 2024.

Bàámi,

Mo wẹ̀ ẹ́ já. Láti etí kan dé èkejì, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀. Nígbà tí mo dé àárín, ẹ̀rù fẹ́ bà mí, mo wá rántí pé ẹ ní kí n má bá omi jà. Mo tú ara sílẹ̀, omi sì gbé mi. Ìyá arúgbó kan tó máa ń wẹ̀ ẹ́ lọ wẹ̀ ẹ́ bọ̀ kí èmi tó wẹ ẹyọ kan dì mọ́ mi, ó ń pariwo bí ẹni pé èmi ni mo gbé òkun débẹ̀. Wọ́n fún mi ní báàjì aṣọ kékeré, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé. Ẹ̀rí tí ẹ ní kí n wá nìyẹn. Ẹwàolúwa ń bọ̀ wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní Gbágádà nínú oṣù tó ń bọ̀, òun ló máa mú un dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún, bí ẹ ṣe wí.

Lẹ́tà yín tutù lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ ò bú mi níbì kankan. Ẹ tiẹ̀ gbàgbé láti sọ pé ẹ gbọ́n jù mí lọ. Mo ní bóyá oògùn ẹsẹ̀ ló ń kùn yín lóorun. Síbẹ̀ mo kà á lákàtúnkà, ó sì fún mi láyà láti sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń gbé inú mi láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ibí. Mo ti bẹ Toheeb kó má kà á, kó kàn tẹ̀ ẹ́ kó fún yín. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ jù ú sínú garawa tí ẹ fi ń fọ ẹ̀rọ, kí kẹrosíìnì jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí Màámi gbọ́.

Mi ò rò pé mo fẹ́ padà wá gbé ilé mọ́.

Mo fẹ́ máa wá, mo fẹ́ máa jókòó tì yín ní ṣọ́ọ̀bù, kí n máa gbọ́ bí ẹ ṣe ń bú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbí ni mo fẹ́ máa gbé. Ilé ń pè mí lójoojúmọ́, inú mi sì ń dùn níbí lójoojúmọ́, mi ò mọ bí méjèèjì ṣe ń gbé inú ènìyàn kan. Ní Bajulaiye, ọmọ Alhaji onítẹ̀wé ni mí, ẹ̀gbọ́n Toheeb ni mí, èyí tí kò tíì lọ́kọ ni mí. Níbí, bí mo bá jáde nínú omi tí mo fi aṣọ nu ojú, Saheedat ni mí, ó parí. Mo ti gba ilé mìíràn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Mo ra àga méjì síbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ tiyín, ìgbàkígbà tí ẹ bá wá.

Màámi á ní mo ta àwọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ má bínú. Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ bú mi díẹ̀.

Èmi Àwẹ̀ró yín,
Saheedat.


Swansea,
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2025.

Màámi,

Ẹwàolúwa ti dé. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ní, "Saheedat, jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún Mummy?"

Ó ní ẹ gba òun dáadáa. Ẹ fún òun ní ìrẹsì àti ẹja, ẹ gba báàjì náà lọ́wọ́ òun, ẹ ní Bàámi ń sùn. Nígbà tí òun fẹ́ máa lọ, òun dúró kí ẹ mú ìborùn, kí ẹ̀yin àti òun jọ jáde bíi ti ọjọ́sí. Ẹnu ọ̀nà lẹ dúró sí. Ẹ ní kó máa lọ, kí Ọlọ́run sìn ín. "Mo wẹ̀yìn wò nígbà tí mo dé ìta, wọ́n ṣì wà lórí ìloro yẹn, wọn ò gbé ẹsẹ̀ kan kọjá. Wọn ò lé tìróò. Wọn ò wọ yẹtí. Ṣé wọ́n ń bínú sí mi ni?"

Mo ní, "Rárá o, Màámi ò bínú sí ẹ." Mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì.

Ọmọ ìjọ ni Ẹwàolúwa, kò mọ ohun tó rí. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo wà nílé nígbà tí Ìyá Àgbà ṣe opó bàbá Bàámi. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, wọn ò jáde, wọn ò lé tìróò, wọn ò fi góòlù sétí, bí àlejò bá ń lọ, ìloro ni wọ́n ti ń kí i. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi ìdí rẹ̀ nígbà yẹn.

Mo pe Toheeb. Mo ní, "Ọjọ́ wo ni?" Kò bi mí pé ọjọ́ kí ni. Ó ní, "Ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá."

Oṣù Kẹwàá, Màámi. Ẹ wẹ bàbá mi, ẹ sin ín, ẹ ka fídáù, gbogbo Bajulaiye jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n jẹ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù mọ̀. Àwọn ọmọ kéú Abúlé Òkúta mọ̀. Èmi nìkan ni àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí, àlejò tí wọ́n sọ fún pé baálé ilé ń sùn.

Kí ẹ fi pamọ́ fún mi, bóyá màá lè dárí ìyẹn jì yín lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ta ló kọ lẹ́tà oṣù Kejìlá? Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ní Bàámi fèsì. Ẹ tiẹ̀ fi ẹnu wọn yin ara yín, pé kò sí bí obìnrin ṣe lè tọ́jú ọkọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá ìloro nítorí pé Ọlọ́run ń wò yín, ẹ wá lè jókòó kí ẹ fi ẹnu òkú bá mi sọ̀rọ̀.

Mo sì dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni láyé, mo sọ ọ́ fún bàbá mi, ọwọ́ ta ló bọ́ sí? Ẹ dà mí, Màámi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè pè é.

Saheedat.


Bajulaiye, Ṣómólú,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì, 2025.

Saheedat,

O kò kí mi nínú lẹ́tà rẹ. Èmi kí ọ. O kú ọ̀fọ̀ bàbá rẹ, ọmọ mi. Ó yẹ kí n ti kí ọ bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹwàá.

Kò jẹ̀rora. Ó kírun ìrọ̀lẹ́ lórí àga nítorí ẹsẹ̀, ó ní kí n bu omi wá fún òun. Kí n tó gbé omi dé, ó ti lọ. Toheeb wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí, ó ní ínkì inú èékánná kò lọ, ìmáàmù ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo ní kí a má sọ fún ọ. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú ló ti pè wá jókòó, èmi àti Toheeb. Ó ní, "Bí nǹkan bá ṣe mí, ẹ má sọ fún Àwẹ̀ró títí ìwé rẹ̀ á fi jáde. Bó bá gbọ́, á fò wálé, ìwé á bàjẹ́. Èmi ò ní sá kúrò níbi tí ẹ bá sin mí sí, ìgbà tó bá dé, á bá mi níbẹ̀." Ó wá rẹ́rìn-ín. O mọ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Lẹ́tà tí mo fi orúkọ rẹ̀ kọ, òun kọ́ ló ní kí n kọ ọ́. Èmi ni. O ní ò ń bọ̀, o ní kí ìwé bàjẹ́, àyà mi já. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mò ń sọ, Toheeb ń kọ, Toheeb ń sunkún. Nígbà tó kà á padà fún mi, ìwọ̀nba ìgbà tó fi kà á yẹn, ọkọ mi wà nílé. O lè bú mi sí i. Mi ò ní sọ pé mi ò tún ní ṣe é bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a sọ tìrẹ náà. Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ Toheeb, mo rò pé ìròyìn ìwé ìgbélùú ni. Mo kà á dé ibi tí o ti ní, "Ẹ má jẹ́ kí Màámi gbọ́." Ọdún méjì lo sọ fún mi. Mo ti kun yàrá rẹ, mo ti yan ibi tí ibùsùn máa wà. Kí n jókòó sínú opó, kí n máa ka lẹ́tà ọmọ mi tó ń sọ fún òkú pé òun ò padà sọ́dọ̀ mi mọ́, kí n má sì lè sunkún síta nítorí pé kò yẹ kí n mọ̀. Àga méjì lo rà, o ní ọ̀kan jẹ́ ti bàbá rẹ. Èmi wá ńkọ́? Àní ìwọ àti òun ti ń dá ọ̀rọ̀ sọ tipẹ́. Òun ló ní kí o kọ́kọ́ sọ fún òun kí èmi tí mo lóyún rẹ tó gbọ́. Ìwọ ní mo dà ọ́. Èmi náà kò rí orúkọ mìíràn fún ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ṣe fún mi.

O ní àlejò ni mo fi ọ́ ṣe. Irọ́ nìyẹn. Àlejò ni mo máa ń sìn. Ọjọ́ tí ò ń lọ, bàbá rẹ ló sìn ọ́ dé pápákọ̀ òfúrufú. Èmi wà nínú yàrá, mo ti ìlẹ̀kùn, mo ní orí ń fọ́ mi. Orí kankan ò fọ́ mi. Àlejò máa ń lọ, n kò sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí ìwọ máa bá lọ.

Toheeb ti fi báàjì rẹ kọ́ sára ẹ̀rọ, ibi tí bàbá rẹ máa ń fi fìlà kọ́. Opó mi máa parí kí oṣù tó parí.

Ìyá rẹ ni mí, bí o fẹ́, bí o kọ̀,
Sìlífátù.


Swansea,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ sì kú opó. Mi ò kí yín nínú lẹ́tà tó ṣáájú, mo bẹ̀ yín fún ìyẹn. Ìyókù, mi ò tíì lè bẹ̀ yín fún un, ẹ̀yin náà ò sì tíì bẹ̀ mí tó.

Ìwé mi ti jáde lọ́jọ́bọ̀. Kò dùn mọ́ mi bí mo ṣe rò. Mo gbé e sórí àga tí mo rà fún Bàámi, mo sì lọ síbi iṣẹ́.

Mò ń bọ̀ kí ààwẹ̀ tó tán. Kí Toheeb má wá pàdé mi. Mo ní kó júwe ibojì fún mi, ó ti júwe rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ lọ, èmi nìkan. Lẹ́yìn náà ni màá wá sílé, màá jókòó níwájú yín, màá sì tún béèrè gbogbo ohun tí mo ti béèrè, kí ẹ fi ẹnu ara yín dá mi lóhùn. Mi ò gba lẹ́tà gbọ́ mọ́ láàárín wa.

Mo ṣì ń bínú, Màámi. Mo lọ lúwẹ̀ẹ́ lánàá, ó dùn mọ́ mi, mo sunkún nígbà tí mo jáde. Mo ń tún àwọn lẹ́tà Bàámi kà. Bí òkun bá dùn, jẹ́ kó dùn: àwọn ló sọ ìyẹn fúnra wọn, mo ti yẹ ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà wò. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ bàbá mi nìyí báyìí, ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Òtítọ́ ni ohun tí ẹ kà. Mi ò padà wá gbé ilé. Ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ sọ ọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún yín báyìí, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ láàárín wa. Màá ra àga kẹta.

Ọjọ́ tí mo bá ń padà, ẹ má ti ìlẹ̀kùn. Ẹ lé tìróò, ẹ mú ìborùn, kí ẹ sìn mí dé bọ́sítọ́ọ̀pù. Ẹ má padà títí ọkọ̀ á fi gbéra.

Saheedat.